Má Fi Iṣẹ́ Eégbọn Yẹn Sílẹ̀

Dámilọ́lá ọmọ mi,

Eégbọn wà lẹ́sẹ̀ Fèyí àbúrò rẹ láàárọ̀ yìí. Mo ń wẹ̀ ẹ́ fún school, mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè kí n fọ ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀, ni mo bá rí nǹkan dúdú kan. Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Mo fi kànìnkànìn ha á, kò kúrò. Mo tún ha á, àfi bí nǹkan yẹn ṣe na ẹsẹ̀. Dámi, ó na ẹsẹ̀! Igbe tí mo ké, àwọn ará ìsàlẹ̀ fi igi ìgbálẹ̀ gún àjà wọn.

Jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí àyà rẹ má bàa já: ara Fèyí le. Ó jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n, mi ò jẹ́ kó lọ sí school mọ́, ó ń jẹ búrẹ́dì, ó sì ń bá kátúùnù jà. Ewu ti kọjá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tèmi tìrẹ ló kù. Lọ́jọ́ Friday tó o wálé, mo ní kó o fi iṣẹ́ eégbọn tó ò ń ṣe ní lábù yẹn sílẹ̀. Mo ní tó ò bá fi í sílẹ̀, kó o má fi aṣọ rẹ kan ibùsùn ilé mi mọ́. O sunkún. O ní, “Ó dáa, Mummy. Kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí, màá fún wọn ní notice, màá padà wá sí Peckham, màá wá bá yín ṣe care work.” Mo gbọ́ ọ, inú mi sì dùn, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Dámi, tó ò bá tíì fún wọn ní notice yẹn, má fún wọn. Tó o bá ti kọ ọ́, fà á ya. Tó o bá ti fún wọn, lọ bá ọ̀gá rẹ báyìí, sọ pé orí ìyá mi ló gbóná, ó ti tutù.

Mo ti pè ẹ́ títí, mo mọ̀ pé inú locker ni fóònù yín máa ń wà tí ẹ bá wọlé sọ́dọ̀ àwọn nǹkan yẹn. Voice note ni mo kọ́kọ́ fẹ́ ṣe, ẹkún ò jẹ́. Ni mo bá mú bírò. Màá ya fọ́tò gbogbo ẹ̀, màá fi ránṣẹ́, kó o lè rí i nígbà tó o bá ṣí locker láti jẹun ọ̀sán. O mọ̀ pé primary six ni mo kà dé. Má wo àmì tí mo fi sórí ọ̀rọ̀ o, ọ̀rọ̀ gan-an ni kó o wò.

Ìwọ lo kọ́kọ́ wá sọ́kàn mi nígbà tí mo rí i. Mi ò ní purọ́ fún ẹ. Orí ibùsùn Fèyí lo sùn lọ́jọ́ Friday, bàgì rẹ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ títí o fi lọ wọ train Overground ní àárọ̀ Saturday. Mo ní ó ti tán, ọ̀kan nínú wọn ló tẹ̀lé ẹ wálé. Èyí tó wá dẹ́rù bà mí jù ni ohun tó o ṣàlàyé fún mi nígbà tí mo ń fọ ẹja tó o sì ń gé àlùbọ́sà. Ṣé o rántí? O ní, “Mummy, ẹ wo care home yín ní Surrey Quays. Nọ́ọ̀sì àgbà wà ní office. Tó bá fẹ́ kí wọ́n ro ògì fún bàbá kan lókè, ṣé ó máa sọ̀ kalẹ̀ lọ rò ó ni?”

Mo ní, “Òun kẹ̀? Tí kì í gbé ife tiẹ̀ gan-an. Ó máa rán ẹnìkan ni.”

O ní, “Ẹ ṣeun. Bí inú ara gbogbo nǹkan ẹlẹ́mìí ṣe rí nìyẹn. Jíìnì, àṣẹ àjogúnbá tó wà nínú ara, ni nọ́ọ̀sì àgbà. Ó máa ń ránṣẹ́ sí kitchen, kitchen á sì ṣe ohun tó ní kí wọ́n ṣe. Àwa ò fọwọ́ kan nọ́ọ̀sì yẹn o. Ẹni tó ń jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ la máa ń dá dúró lójú ọ̀nà. A máa fi abẹ́rẹ́ tó tín-ín-rín bí irun fún eégbọn ní nǹkan tó jọ iṣẹ́ tí nọ́ọ̀sì rán gẹ́lẹ́. Ara eégbọn á wá fura sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í mú gbogbo oníṣẹ́ tó bá gbé irú ọ̀rọ̀ yẹn, á máa gé wọn wẹ́wẹ́. Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Ògì ò sí.”

Mo ní, “Ẹ wá fi ebi pa bàbá olókè.”

O rẹ́rìn-ín, o ní, “Eégbọn ni bàbá olókè, Mummy. A fẹ́ mọ ohun tí ò ní lè ṣe mọ́ ni. Bóyá kò ní lè di ara mú. Bóyá kò ní lè mu ẹ̀jẹ̀ yó. Bóyá kò ní lè yé ẹyin. Ibi tó bá ti dùn ún jù lọ, ibẹ̀ làwọn tó ń ṣe oògùn á dojú kọ. Wọ́n lè tibẹ̀ rí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún màlúù, kó jẹ́ pé eégbọn tó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti bá ara rẹ̀ jẹ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wà lọ́kàn mi. Láàárọ̀ yìí kí n tó wẹ Fèyí, mo gbé ògì àti àkàrà fún un, ó ní ebi ò pa òun. Fèyí! Ọmọ tó máa ń jẹ tiẹ̀ tán tó máa ń wo ojú àwo mi. Nígbà tí mo wá rí eégbọn lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo so méjèèjì pọ̀. Mo ní èyí tí wọ́n ṣe tí kò fi lè jẹun mọ́ ló bu ọmọ mi jẹ, ó ti kó àìlèjẹun ràn án. Má rẹ́rìn-ín o. Ẹni tí ẹ̀rù bá bà, kò sí ìròkurò tí kì í rò.

Mo sáré lọ mú òróró àdúrà. Àbúrò rẹ dìde dúró nínú omi, ọṣẹ lórí, ó na ìka sí mi bí tíṣà: “Mummy, no! Sister said no oil! No oil, no fire, and don't squeeze it!”

Mo ní, “Ta ni sister? Èmi ni mo bí sister.”

Ó ní, “But sister ló mọ tick, Mummy.”

Mo fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, mo gbé kóòtù lé e lórí, a di kẹ́míìsì Rye Lane. Àwọn tó ń to iṣu síta ń wò mí, ọ̀kan ní “Mummy, ṣé kò sí?” mo sáré kọjá. Bàtà mi ò ṣe méjì kan náà, ẹsẹ̀ kan slippers, ẹsẹ̀ kan bàtà tí mo fi ń lọ shift.

Obìnrin oníkẹ́míìsì yẹn, ará Somalia tó máa ń so híjáàbù búlúù, òun ló wà níbẹ̀. Ó ní, “Mama, breathe.” Ó gbé Fèyí sórí àga, ó mú ẹ̀mú kékeré ẹlẹ́nu ṣóńṣó, irú èyí tí ẹ fi ń tu irun ojú. Ó ki ẹnu rẹ̀ bọ abẹ́ nǹkan yẹn, ó sún mọ́ awọ ara dáadáa, ó wá fà á sókè díẹ̀díẹ̀, kò yí i, kò já a gbà. Ó jáde lódindi. Fèyí ní “Is that it?” bí ẹni tó sanwó wá wòran tí wọn ò ṣeré tó.

Ó bi mí pé ibo la lọ, ṣé a lọ sínú igbó ni. Mo ní a ò lọ síbì kankan. Ìwọ ni mo ń gbèjà, Dámi. Mo rò pé tí mo bá dárúkọ lábù, ọlọ́pàá ló máa wá kàn ẹ́ lára. Ni àbúrò rẹ bá la ẹnu: “We went to pray on the field! With no shoes! I rolled all the way down!”

Obìnrin náà wò mí. Mo ní, “Pápá àdúrà ìjọ wa nìyẹn, kì í ṣe igbó.” Ó ní ṣé koríko ibẹ̀ ga? Mo ní ó ga dé orúnkún ọmọ. Ó ní ṣé àgbọ̀nrín wà níbẹ̀? Mo ní a rí méjì, Bàbá Olùṣọ́ tiẹ̀ ní àmì ìbùkún ni wọ́n. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín ló ń bò. Ó ní ibẹ̀ ló ti rí i. Ó ní eégbọn máa ń dúró sórí ewé koríko, á na ọwọ́ síta, á máa retí ẹsẹ̀ tó ń kọjá. Ó ní ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í fa nǹkan kan, kí n ṣáà máa wo ojú ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí nǹkan pupa roboto bá yọ tó ń fẹ̀, tàbí tí ara rẹ̀ bá gbóná, kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ GP, dókítà àdúgbò wa, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ní, ti àìlèjẹun ńkọ́? Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi Fèyí. Àbúrò rẹ wo ilẹ̀, ó wo mí, ó ní, “I ate sister's chin-chin. All of it. It was under my pillow.”

Chin-chin, Dámi! Gbogbo ẹ̀rù yẹn.

Síbẹ̀, mo gbà pẹ̀lú ẹnu, mi ò gbà pẹ̀lú ọkàn. Mo padà dé ilé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ibùsùn, mo ń gbọn dùfé tó fi ń bora, mo ń wá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó o kó wá. Ibẹ̀ ni Ìyá Ìjọ bá mi. Mo ti pè wọ́n nígbà tí mo ń pariwo, wọ́n sì ti wọ bọ́ọ̀sì láti Nunhead pẹ̀lú omi àdúrà. Wọ́n bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wọlé, wọ́n gbé ọwọ́ lé Fèyí lórí, wọ́n ń ṣàánú: “Há, eégbọn wo ló láyà láti gun ọmọ Ọlọ́run!” Èmi wà lórí ìkúnlẹ̀, orí mi wà nílẹ̀, ojú mi sì là. O mọ̀ pé mi ò lè di ojú gbàdúrà, ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Mo ń wo ẹsẹ̀ Ìyá Ìjọ. Lókè ọrùn ẹsẹ̀ wọn, mo rí nǹkan roboto kan, ó ń dán.

Mo ní, “Mummy, ẹ má bínú, kí ni ti ẹsẹ̀ yín yìí?”

Wọ́n ní, “Ìyẹn? Eéwo ni. Ó yọ lẹ́yìn ìgbà tá a ti pápá dé. Mo ti ń fi òróró pa á láàárọ̀ àti lálẹ́, ó tiẹ̀ ń sanra.”

Mo ní, “Mummy, eéwo yín lẹ́sẹ̀.”

Wọ́n ní, “Àbí o ò gbọ́, ẹsẹ̀ náà ló wà.”

Mo ní, “Rárá o. Ó ní ẹsẹ̀ tirẹ̀.”

Ìyá Ìjọ tí wọ́n máa ń gun àtẹ̀gùn bí ẹni pé wọ́n gbé ẹyin lórí, wọ́n fò sórí sofa mi. Wọ́n ní, “Jésù! Mo ti ń bọ́ ọ láti ọjọ́ yẹn!” Fèyí ń pariwo “No oil! No oil!” Èmi wá mú ẹ̀mú tó o gbàgbé sí bathroom, mo ní kí wọ́n mí, bí oníkẹ́míìsì ṣe ní kí n mí. Mo mú un mọ́ awọ ara, mo fà á lọ sókè tààrà, mi ò kánjú. Ó jáde. Èmi ni mo fà á, Dámi. Ó wà nínú ike kékeré tí mo ń kó bọ́tìnnì sí, mo fi sẹlotéèpù dì í pa.

Bí mo ṣe dé e pa ni mo jókòó sílẹ̀, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyá Ìjọ rò pé ẹ̀rù ni. Kì í ṣe ẹ̀rù. Ìyá Ìjọ ò sùn sórí ibùsùn Fèyí. Ìyá Ìjọ ò mọ bàgì rẹ. Wọn ò rí ẹ láti Easter. Pápá ló pa àwọn àti Fèyí pọ̀. Ọwọ́ rẹ mọ́, ọmọ mi. O sì ti sọ fún mi, pé ẹ máa ń kà wọ́n, pé aṣọ tí ẹ wọ̀ níbẹ̀ kì í jáde, pé nǹkan tó ń lẹ̀ yí ibẹ̀ ká tó jẹ́ pé èyí tó bá rìn á lẹ̀ mọ́ ọn. Mi ò gbọ́ ni.

Torí náà jókòó kó o gbọ́ tèmi, torí mo ti dàgbà ju bí mo ṣe wà láàárọ̀ lọ.

Àkọ́kọ́. Má jẹ́ kí ìtàn tó bá kọ́kọ́ dé gba àga jókòó lọ́kàn rẹ. O bi mí lọ́jọ́ Friday bí màlúù bàbá mi ṣe kú, mo pòṣé, mo ní kó o fi mí sílẹ̀. Màá sọ ọ́ báyìí. Ní abúlé wa ní Ìbàràpá, màlúù méjì ni bàbá mi ní. Wọ́n ti sọ ọ́ fún gbogbo ayé pé àwọn màlúù yẹn ló máa rán mi lọ sí secondary. Mo ti ran yunifọ́ọ̀mù tèmi sílẹ̀ lọ́kàn, mo mọ bí kọ́là rẹ̀ ṣe máa rí. Lẹ́yìn òjò kan, eégbọn bo wọn létí àti lábẹ́ ìrù. Ọ̀kan kọ́kọ́ dá oúnjẹ dúró. Ìtọ̀ rẹ̀ pupa bí omi ìṣápá. Ó ṣubú, kò dìde. Èkejì tẹ̀lé e kí ọ̀sẹ̀ tó yí. Bàbá mi ní àbúrò wọn, Bàbá Kékeré, ló fi ojú burúkú wo màlúù náà, torí pé ó bú wọn nígbà kan lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Wọn ò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi kú. Bàbá Kékeré dúró lẹ́yìn odi lọ́jọ́ ìsìnkú ẹ̀gbọ́n wọn, wọn ò jẹ́ kó wọlé. Mo wà níbẹ̀. Èmi gan-an wà lára àwọn tó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí mo ṣe dárúkọ ìtọ̀ pupa nínú ìbínú lọ́jọ́ Friday, o dá ọ̀bẹ dúró lórí àlùbọ́sà, o ní, “Ìtọ̀ pupa, Mummy? Ó jọ àìsàn tí eégbọn máa ń kó ràn wọ́n.” Mo ní kó o dákẹ́.

Mo ti rò ó láàárọ̀ yìí. Eégbọn ló mú mi kúrò ní school. Eégbọn ló ya bàbá mi àti àbúrò wọn. Èmi wá rí ọmọ mi tó ń lọ bi eégbọn léèrè pé, “Níbo ló máa dùn ẹ́ jù?” mo ní kó padà sílé. Ta ló tún ṣe irú ìyẹn? Ó kù díẹ̀ kí n ṣe ẹ́ bí bàbá mi ṣe ṣe Bàbá Kékeré. Nítorí náà, ní lábù yín, tí nǹkan bá bàjẹ́, tí wọ́n ní lágbájá ló bà á jẹ́, kó o bi ara rẹ pé: ta ló wà níbẹ̀ tí ìtàn yìí ò kàn? Wo ẹsẹ̀ Ìyá Ìjọ kó o tó dájọ́.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, má kánjú lé nǹkan ẹlẹ́mìí lórí. Àpá tó wà ní ojúgun mi, tí mo máa ń sọ pé kẹ̀kẹ́ ló dá a, màlúù ni. Mo ti rí i tí àwọn àgbà ń fi iná lé eégbọn. Mo mú ẹyín iná láàrò, mo ní kí n fi sun ọ̀kan létí màlúù, kí bàbá mi lè yìn mí. Eégbọn ò jábọ́. Màlúù ló ta mí ní ìpá, mo bá ara mi nínú ọ̀gbàrá. Ohun tí sùúrù bá fà tu, gbòǹgbò rẹ̀ kì í kù sínú.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, èyí ló ṣe pàtàkì jù. Tí abẹ́rẹ́ bá gún ẹ, tí ọ̀kan bá sọnù nínú iye tí ẹ kà, sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé London, tí mo ń ṣe cleaning, mo da oògùn ìfọlẹ̀ sọ́wọ́. Mo ki ọwọ́ náà bọ àpò. Mo rò pé tí mo bá sọ̀rọ̀ wọ́n á lé mi. Ọwọ́ yẹn bó bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, oyún rẹ sì wà nínú mi nígbà yẹn, mi ò lè sùn, mo ń rò ó pé ó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ. Supervisor rí i níkẹyìn, ó ní, “Why didn't you say?” Kò tiẹ̀ bínú! Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àní láàárọ̀ yìí mo tún ṣe é, mo purọ́ fún oníkẹ́míìsì. Ọmọ kékeré ló gbà mí.

Máa jẹun. Èyí ò ní nọ́ńbà. O ti rù, mo sì rí i lọ́jọ́ Friday kí ìjà tó dé. Tí wọ́n bá ń pè ẹ́ ní Ìyá Eégbọn ní ìjọ, dáhùn. Tí ọkùnrin kan bá ní iṣẹ́ rẹ ń rí òun lára, jẹ́ kó máa lọ. Ẹni tí nǹkan tí kò tó ẹ̀wà lè lé sá, ṣé òun ni owó iná máa bá nílé?

Àti pé, ẹyin lohùn, mo mọ̀. Èyí tí mo sọ nípa aṣọ rẹ àti ibùsùn mi ti fọ́, mi ò lè ṣà á. Mo ti tẹ́ ibùsùn Fèyí padà. Mo fi bẹ́díṣíìtì aláwọ̀ ewé tó o fẹ́ràn sí i.

Ohun tó kù rèé, òun ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó o wá lónìí. Àwa tá a lọ sí pápá yẹn pọ̀, gbogbo wa la bọ́ bàtà, gbogbo wa la tẹ koríko yẹn nínú sùtánà, àwọn ọmọdé sì yí gbiri nínú rẹ̀. Ìyá Ìjọ ti ń pe ilé dé ilé látorí sofa mi. Ní báyìí tí mo ń kọ̀wé, ìyá kan ti rí ọ̀kan lẹ́yìn etí ọmọ rẹ̀, òmíràn ti fẹ́ fi kẹrosíìnì sí tirẹ̀, Ìyá Ìjọ gbó mọ́ ọn lórí fóònù pé, “No oil! No fire!” Wọ́n ti ní kí gbogbo ẹni tó lọ pàdé ní ìjọ nírọ̀lẹ́ òní. Wọ́n ní kí wọ́n wọ aṣọ funfun wá, pé Fèyí sọ fún àwọn pé sister ní orí funfun ni èèyàn ti lè tètè rí i. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú wa ò mọ gbogbo ibi tó máa ń sá pamọ́ sí. Ṣé inú irun ni? Ṣé abẹ́ apá? Ṣé ìdodo? Èwo la máa kó lọ sọ́dọ̀ GP, èwo la máa kàn máa wò? Àti pé a ò lè wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà, o mọ̀, kí la wá máa ṣe nígbà tá a bá tún ń lọ?

Mo rántí pé mo dìde nínú ìjọ lóṣù tó kọjá, mo ní kí wọ́n bá mi gbàdúrà kí Ọlọ́run gba ọmọ mi lọ́wọ́ iṣẹ́ kòkòrò. Mo rán Ìyá Ìjọ létí. Wọ́n fi ọwọ́ pa ọrùn ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ní, “Mama Dámi, àdúrà yẹn, mo rò pé ẹni tó ń jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ fún Ọlọ́run ti sọnù lójú ọ̀nà. Ẹ ṣeun Jésù. Pe ọmọ yẹn kó máa bọ̀.”

Dámi, Àbẹ̀kẹ́ mi, bó o bá ti rí èyí, tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, wọ train. Jọ̀ọ́. Àwọn ọmọdé máa ti dúró lórí ìlà kó o tó dé, ìyá wọn á sì ti dẹ́rù bà wọ́n. Èmi náà máa wà ní Peckham Rye níwájú station, màá wọ bàtà méjì tó bára mu. Wá, ọmọ mi, tètè wá.

Ṣùgbọ́n má kó ẹrù wá o. Ẹ̀mú míì nìkan ni kó o mú dání, àti tíkẹ́ẹ̀tì tó o máa fi padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ìyá rẹ tó ń ṣọ́ ọ̀nà.